Nígbà Tí Àdúrà Méjì Dojú Kọra

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ lẹ́yìn ìdìbò: "Ọlọ́run ló ń fi ọba jẹ." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Dáníẹ́lì 2:21 ò fi bọpo bọyọ̀ nígbà tó ní Ọlọ́run ló ń mú ọba kúrò, Òun náà ló sì ń gbé ọba lékè. Àmọ́ tí ẹ bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ẹnu ẹni tí tirẹ̀ wọlé lẹ ó ti máa gbọ́ ọ. Ẹni tí tirẹ̀ já kulẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìkẹyìn ni tirẹ̀, ìdájọ́ ni tirẹ̀, Sátánì ti gba ìjọba. Tó bá wá di sáà mìíràn tí ìjókòó yí, àwọn méjèèjì á kàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn ni. Ẹni tó ń kígbe Sátánì tẹ́lẹ̀ á máa kígbe Ọlọ́run, ẹni tó ń dúpẹ́ tẹ́lẹ̀ á ṣí ìwé Ìfihàn, á máa wá ẹranko náà kiri níbẹ̀.

Mo ti rí i tó débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè bóyá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run la tiẹ̀ ń sọ, àbí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wa.

Èmi ni mo ń darí ìpàdé àdúrà nínú ìjọ wa. Kì í ṣe ipò tí wọ́n ń dù. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn, tí mo ń kọ kókó àdúrà sínú ìwé, tí mo ń yan ẹni tó máa gbà á. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ inú ìjọ bí ẹni tó ń gbọ́ àdúrà wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Èèyàn lè fi ẹ̀rín bo nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Tó bá ti dijú tó sì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ sókè, ohun tó wà níkùn rẹ̀ á jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìṣèlú ti pín wa sí méjì, kó tó di pé àwọn àgbà ìjọ jókòó lé e lórí.

Ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí. Bàbá kan wà láàárín wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè. Wọ́n dìde, wọ́n di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú wọn mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka 2 Kíróníkà 7:14, pé bí àwọn èèyàn tí à ń fi orúkọ Ọlọ́run pè bá rẹ ara wọn sílẹ̀, Òun yóò wo ilẹ̀ wọn sàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Olúwa gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn apanirun. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Wọn ò tíì jókòó tán tí Màmá nọ́ọ̀sì fi dìde lápá kejì. Mi ò pè wọ́n. Wọ́n ka ẹsẹ kan náà gẹ́lẹ́, ìyẹn 2 Kíróníkà 7:14, wọ́n sì ní kí Olúwa má ṣe fi ilẹ̀ yìí lé àwọn aláìláàánú lọ́wọ́. Gbogbo wa tún mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Àmín méjì ló dún lálẹ́ ọjọ́ náà. Èkíní wá láti ọwọ́ ọ̀tún, èkejì wá láti ọwọ́ òsì. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé bí a ṣe ń jókòó ti yí padà, tí ẹnikẹ́ni ò sì pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn méjèèjì kórìíra ara wọn o. Nígbà tí ìyàwó Bàbá tíṣà ń ṣàìsàn tó gbẹ̀mí wọn, Màmá nọ́ọ̀sì yìí ló ń lọ wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n tún ń padà lọ lálẹ́. Bàbá ló kọ́ àbígbẹ̀yìn Màmá ní ìṣirò títí tọ́mọ náà fi yege. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá dìde, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kan náà kó dá ara wọn lẹ́kun.

Èmi ló wá kù tí mo máa kádìí ìpàdé. Mo ní, "Olúwa, O ti gbọ́ wa," mo sì ní ká ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ tí n kò ní di alátìlẹyìn ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Àdúrà méjèèjì ò lè gbà. Tí ọ̀kan bá wá gbà, ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ ti ẹnì kejì ni?

Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, kojú ìbéèrè yìí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1865, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un lẹ́ẹ̀kejì. Láti ọdún 1861 ni ìhà Àríwá àti ìhà Gúúsù ilẹ̀ náà ti ń para wọn. Apá tirẹ̀ ló ń borí lásìkò yẹn. Ẹlòmíì ì bá lo ọjọ́ náà láti sọ pé Ọlọ́run ti dá wa láre. Ohun tó sọ ni pé Bíbélì kan náà ni apá méjèèjì ń kà, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń gbàdúrà sí, tí kálukú sì ń pè É sí ẹnì kejì rẹ̀. Ó ní àdúrà apá méjèèjì ò lè gbà, kò sì sí apá kan tí tirẹ̀ gbà délẹ̀délẹ̀, torí pé Olódùmarè ní ète tirẹ̀. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi yìnbọn pa á.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé kò fi í sá fún òtítọ́. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà ló ti pe fífi èèyàn ṣe ẹrú ní ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní ìhà méjèèjì ló pín nínú ìyà rẹ̀. Mo ń mẹ́nu bà á nítorí àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé "Ọlọ́run ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan" kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀ rárá nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ aláìní jẹ lójú wọn. Ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ìbẹ̀rù ni, ó kàn wọ aṣọ ìjọ ni.

Jóṣúà pàápàá béèrè ìbéèrè yìí lójúkojú. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kọjú ìjà sí Jẹ́ríkò, ó rí ọkùnrin kan tó fa idà yọ, ó sì bi í pé tiwa lo wà ni, àbí ti àwọn ọ̀tá wa? Ìdáhùn tó rí gbà ni: Rárá. Ọkùnrin náà ní gẹ́gẹ́ bí olórí ogun Olúwa ni òun ṣe wá. Jóṣúà tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ rán ni wọ́n dá lóhùn bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ọba Jẹ́ríkò. Ó dojú bolẹ̀, ó sì béèrè ohun tí olúwa rẹ̀ fẹ́ kóun ṣe. Bí ìbéèrè ṣe yí padà nìyẹn.

Lásìkò yẹn náà, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn nínú ìjọ: ẹnì kan ti ríran, Ọlọ́run ti fi ẹni tó máa wọlé hàn án. Kò pẹ́ tí ìran mìíràn dé tó ní ẹlòmíì ni. Kálukú gba èyí tó bá tirẹ̀ mu gbọ́, ó sì fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí. Wọ́n ń bi mí pé kí ni mo rí, torí èmi ni mo ń darí àdúrà. Mi ò rí nǹkan kan. Jeremáyà orí 28 ni mo ń kà.

Tí ẹ ò bá tíì ka orí yẹn rí lọ́dún ìdìbò, ẹ lọ kà á. Nebukadinésárì ọba Bábílónì ti kó Jèhóákínì ọba Júdà àti ọ̀pọ̀ èèyàn nígbèkùn lọ ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì ti fi Sedekáyà jọba sí Jerúsálẹ́mù. Ohùn ìlú ò ṣọ̀kan: àwọn kan ní ká sìn ín ká lè yè, àwọn kan ní ká dìtẹ̀. Jeremáyà gbé àjàgà igi kọ́rùn, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé Ọlọ́run ló fi ilẹ̀ lé Nebukadinésárì lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ pe ọba abọ̀rìṣà náà ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ fojú inú wo bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa dùn mọ́ aráàlú! Ni Hananáyà, wòlíì ará Gíbéónì, bá dìde nínú tẹ́ńpìlì lójú àwọn àlùfáà àti gbogbo èèyàn. Ó ní báyìí ni Olúwa wí: kí ọdún méjì tó pé, Òun ti ṣẹ́ àjàgà Bábílónì, gbogbo ohun èlò tẹ́ńpìlì tí wọ́n kó lọ á padà, àwọn ìgbèkùn náà á sì padà.

Ohun tí Jeremáyà kọ́kọ́ fi dá a lóhùn ni "Àmín." Ó ní kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀, kí Olúwa mú ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ. Ibí yìí ni mo ti dúró pẹ́ jù. Ọkùnrin náà fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú lòun náà. Ohun tí Hananáyà fẹ́ lòun náà fẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí òun fẹ́ àti ohun tí Ọlọ́run sọ. Ó ní wòlíì tó bá sọ àsọtẹ́lẹ̀ àlàáfíà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ la ó mọ̀ pé Olúwa ló rán an. Hananáyà fa àjàgà náà yọ lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ níwájú gbogbo èèyàn. Mo lérò pé ariwo á ti sọ. Jeremáyà bá tirẹ̀ lọ.

Kò dúró bá a jà. Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run rán an padà pé àjàgà igi lo ṣẹ́, ti irin ló máa rọ́pò rẹ̀. Hananáyà kú lóṣù keje ọdún yẹn gan-an. Kó tó pé ọdún mẹ́wàá, Bábílónì ti jó Jerúsálẹ́mù àti tẹ́ńpìlì.

Àwọn tó wá kà á bí ìtàn wòlíì èké nìkan kà á fúyẹ́. Èmi rí i pé èèyàn lè fi gbogbo ọkàn rẹ̀ fẹ́ kí ẹnì kan wọlé, kó ṣe Àmín sí i, kó dìbò fún un, kó má sì sọ pé Olúwa ló wí. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, ó sì fún mi ní òmìnira tí mi ò lérò. Mo lè gba ti ẹni tí mo fẹ́, kí n sì tún sọ ibi tó kù sí, torí pé tó bá ṣubú, ìtẹ́ Ọlọ́run ò ní bá a ṣubú.

Orí kọkàndínlọ́gbọ̀n ni lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn ìgbèkùn wà. Ó ní 70 ọdún ni. Ẹ kọ́ ilé, ẹ máa gbé inú rẹ̀, ẹ gbin ọgbà, ẹ gbéyàwó, ẹ máa wá àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ, ẹ sì máa gbàdúrà fún un. Mo rò ó mọ́ àwọn tí mo mọ̀, tí wọ́n ti dá ayé wọn dúró de ìdìbò tó ń bọ̀, tí wọn ò lè dáwọ́ lé nǹkan kan àyàfi tí ìjọba bá yí.

Ìdìbò wáyé, ẹnì kan wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjèèjì tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè kò wá sípàdé àdúrà mọ́. Mi ò ní sọ èwo ni, torí tí mo bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣírò ẹgbẹ́ tiyín ni. Mo lọ kí wọn nílé. Tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn, wọ́n ti pa ohùn rẹ̀. Ẹni tó wọlé ló ń juwọ́ sáwọn èèyàn níbẹ̀. Fóònù wọn wà lórí itan, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Wọn ò jẹ́ kí n kí wọn tán. "O wá sọ fún mi pé Ọlọ́run ló ń fi ọba jẹ, àbí?"

Mo ní rárá, mo wá kí yín ni.

Wọ́n ní, "Ṣé ohun tí Ọlọ́run fẹ́ nìyí? Dá mi lóhùn. Ìwọ lò ń darí àdúrà."

Mo ní, "Mi ò mọ̀ bóyá inú Rẹ̀ dùn sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò bọ́ mọ́ Ọn lọ́wọ́."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Mi ò ní ìdáhùn kúkúrú, torí náà mo ní ká ka Jòhánù 19:11 pọ̀. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Pílátù ń halẹ̀ mọ́ Jésù pé òun láṣẹ láti dá a sílẹ̀, òun sì láṣẹ láti kàn án mọ́ àgbélébùú. Jésù ní o kì bá tí ní àṣẹ kankan lórí Mi bí kò bá ṣe pé a fi fún ọ láti òkè wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ náà ò parí. Ó ní nítorí náà, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fà Mí lé ọ lọ́wọ́ ló pọ̀ jù. Bí ẹ̀ṣẹ̀ kan bá pọ̀ jù, a jẹ́ pé èkejì náà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àṣẹ wá láti òkè, ẹni tó sì lò ó bó ṣe lò ó máa jíhìn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde lẹ́nu Olúwa láìmí sí àárín.

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì fúnra wọn. Wọ́n ní, "Nítorí náà mo lè bínú."

Mo ní Hábákúkù bínú, ó tiẹ̀ bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí O fi ń wo ẹni burúkú tó ń gbé ẹni tó sàn jù ú lọ mì. Ó wà nínú Bíbélì, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò. Mo tún mẹ́nu ba Dáníẹ́lì orí kẹrin. Orí yẹn ló sọ pé Ọ̀gá Ògo ń jọba lórí ìjọba èèyàn, ó sì ń fi í fún ẹni tó wù Ú, títí kan ẹni tó rẹlẹ̀ jù. Nínú orí yẹn kan náà ni Dáníẹ́lì ti wo Nebukadinésárì lójú, tó ní kábíyèsí, ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ yín sílẹ̀, kí ẹ máa ṣàánú àwọn tálákà. Gbígbà tó gbà pé Ọlọ́run ló gbé ọba síbẹ̀ kò dí i lẹ́nu. Ó jọ pé ohun tó là á lẹ́nu gan-an nìyẹn, torí ẹni tí ọba kì í ṣe òpin rẹ̀ ló lè bá ọba sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò ṣèlérí pé àwọn á padà wá. Àmọ́ wọ́n padà wá nígbà tó yá, wọ́n sì jókòó sí apá tí wọn kì í jókòó sí tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àwọn nǹkan kan ti yí padà nípàdé àdúrà wa. A ń dárúkọ àwọn tó wà lórí oyè, ẹnikẹ́ni tí wọn ì báà jẹ́. Pọ́ọ̀lù ní 1 Tímótì orí kejì pé ká gbàdúrà fún gbogbo àwọn tó wà nípò àṣẹ, bẹ́ẹ̀ Nérò, ọba Róòmù tó rorò, ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tó kọ̀wé sáwọn ará Róòmù ní nǹkan bí ọdún 57 pé kí wọ́n tẹrí ba fáwọn aláṣẹ, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé ti olórí tiwa ti bàjẹ́ kọjá àdúrà. Ìlànà kejì ni pé tí ìdìbò bá ń bọ̀, ẹni tí o ò ní dìbò fún ni wàá gbàdúrà fún sókè. Ti ẹni tí o fẹ́, gbà á nínú yàrá rẹ. Àwọn àgbà kùn sí èyí. Nígbà tó kan Màmá nọ́ọ̀sì, wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé wọn ò ní gbà á. Wọ́n wá ní, "Olúwa, jẹ́ kó rí oorun sùn." Wọ́n tún dákẹ́. "Mo mọ ohun tí ẹni tí ò bá sùn lè ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Má jẹ́ kó ṣèpinnu lórí wa láìsùn." Ó tán. Bàbá tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe Àmín.

Kì í ṣe pé wọ́n gba ti ara wọn o. Nínú àwọn méjìlá tí Jésù pè, Mátíù ti gba owó orí fún ìjọba, Símónì sì wà tí wọ́n ń pè ní Sélótì, orúkọ tó bá àwọn onítara ilẹ̀ bàbá mu. Bíbélì ò sọ pé ọ̀kan nínú wọn yí èkejì lérò padà nípa Késárì. Ohun tí a rí ni pé àwọn méjèèjì wà nínú yàrá òkè ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kìíní, orúkọ wọn wà nínú àwọn tó ń tẹra mọ́ àdúrà pọ̀.

Ìdìbò mìíràn ti ń sún mọ́lé báyìí. Bàbá ń bá ẹgbẹ́ wọn pín ìwé ìpolongo, Màmá ń bá tiwọn lọ láti ilé dé ilé, èmi náà á sì dìbò mi. Ìlànà kẹta tí mo gbé kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé a ò ní sọ ìran ẹni tó máa wọlé nípàdé àdúrà. Ẹni tó bá rí i kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi déètì sí i, kó fún àwọn àgbà pa mọ́ títí èsì á fi jáde. Arákùnrin kan bínú gidi. Ó ní mò ń pa iná Ẹ̀mí. Mo ka ohun tí Jeremáyà sọ fún Hananáyà fún un, ó ní ìyẹn ò kan òun. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán láàárín wa. A ti fi í sí kókó ìpàdé àwọn àgbà tó ń bọ̀.